Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ kù sí Ọ̀yọ́

Bí ẹ bá pàdé mi níbi ìsìnkú àgbàlagbà kan ní Ọ̀yọ́, ẹ ó rí i pé ìwé ètò méjì ni mo máa ń tọrọ. Àwọn ọmọ olóòkú tí kò mọ̀ mí a máa rò pé ti ẹnì kan nílé ni mo ń gbà dání. Àwọn tó mọ̀ mí a ní, "Ẹ fún Ìyá Láíbìrì ní méjì tiwọn." Ọ̀kan ni mo máa ń kà níbẹ̀ lójú agbo, tí mo ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí rẹ̀: orúkọ agbo ilé, àdúgbò, ohun tí àgbà kan sọ tí kò sí nínú ìwé náà. Èkejì, mi ò ní fa ìlà kankan sí i. Inú páálí ló ń lọ tààrà, òun ni mo ń tọ́jú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìwé òkú ṣe. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn dáadáa lónìí, torí pé ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ kò lè bá mi ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe é.

Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Òǹtẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò dá ìwé padà, sára bébà kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fún ìwé ní nọ́ńbà. Ará Amẹ́ríkà kan, Melvil Dewey, ló gbé ètò nọ́ńbà náà jáde ní 1876, òun sì ni ọ̀pọ̀ láíbìrì ìlú ń lò títí di òní. Ìtàn Nàìjíríà, 966.9. Èdè Yorùbá, 496.333. Bí iná bá lọ, mo mọ ibi tí wọ́n wà nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n gbé mi wá sídìí tábìlì ìbéèrè, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ni mo tó mọ ohun tí láíbìrì ń ṣe fún ìlú.

Ẹni tí kò bá jókòó sídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí yóò rò pé ìwé ni gbogbo ènìyàn ń wá wá. Láàárọ̀, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń wá. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìntì, tíṣà, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ kánsù, wọ́n á ti dúró síta kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni Tribune tòní bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn yòókù á máa fi Sketch àná dúró dè é. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ ilé-ìwé dé. Bí ìdánwò WAEC àti JAMB bá ti ń súnmọ́, àga kì í tó. Ọmọ mìíràn á kó ìwé tirẹ̀ wá látilé, kò ní fọwọ́ kan tiwa rárá. Àyè tó dákẹ́ ló wá gbà, torí yàrá kan ṣoṣo ni òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń gbé. Mo ka àga yẹn kún iṣẹ́ ńlá. Àwọn kan lára àwọn ọmọ náà ti di dókítà àti lọ́yà báyìí, bí wọ́n bá rí mi ní Akẹ̀sán wọ́n á dọ̀bálẹ̀ lójú ọjà, kì í ṣe torí pé mo kọ́ wọn ní ohunkóhun.

Àwọn ìyá ọlọ́jà náà ń wá. Òmíràn á mú lẹ́tà wá sínú ìṣẹ́po gèlè, pé kí n bá òun kà á, torí òun kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ ohun tó wà níbẹ̀. A ó lọ sẹ́yìn àwọn pẹpẹ, n ó kà á jẹ́jẹ́, n ó sì dá a padà fún un. Irú èyí kò sí nínú ìròyìn tí a máa ń kọ sí ọ̀gá lóṣooṣù. Iye ìwé tí a yá jáde nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Ṣùgbọ́n èyí tó gba àkókò mi jù, tí mo sì fẹ́ràn jù, ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹni tó ń ṣe ètò owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó fẹ́ lọ Mẹ́kà, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún fún ìyá wọn, gbogbo wọn ń wá. Kò sí ìwé ìbí. Ìyá yóò bá wọn wá, n ó fún un lága, n ó ní kí àwọn ọmọ dákẹ́ ná.

"Ìyá, kí ni wọ́n ní ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí yín?"

"Wọ́n ní mo ti ń rákòrò nígbà tí Aláàfin wàjà."

"Aláàfin wo ni, mà?"

"Ládìgbòlù. Ti àkọ́kọ́."

Ó bùṣe. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ọmọ tó ń rákòrò nígbà náà yóò ti tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 sí àárín rẹ̀ ni wọ́n bí i. N ó tún bi í bóyá ìgbà òjò ni àbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ní àwọn tó gbẹ̀bí òun sọ pé ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, a ti súnmọ́ oṣù rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ irú àwọn àmì yìí sí, ó gbó mọ́ mi lọ́wọ́. Lùkúlùkú, àìsàn tó pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ, ọdún 1918 ni. Ogun Hitler, 1939 sí 1945. Ọ̀sán dòru ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Àwọn àgbà tó rí i kò jẹ́ gbàgbé bí adìẹ ṣe ń wọlé sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì rántí ọmọ tí wọ́n mú lọ kọ orúkọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí rẹ̀ lódìkejì. Aláàfin Gbádégẹṣin gorí ìtẹ́ ní 1956. Mọ́tò kúrò ní apá òsì títì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Pọ́n-ún di náírà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Bí ìyá bá ní oyún àbíkẹ́yìn òun ló wà nínú òun nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, mo mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà, mo sì mọ bí ìyá fúnra rẹ̀ ti lè dàgbà tó.

Ohun tí mo wá rí nídìí iṣẹ́ yẹn nìyí. Àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, ó tóbi jù. Ọdún mẹ́wàá lè wà láàárín méjì nínú wọn. Ohun tí ìyá kan rántí jù ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀: ọdún tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Àpáàrà tuntun, ọdún tí omi ẹ̀rọ dé Ìsokùn, ọdún tí ìyálọ́jà kan kú. Kò sí ìwé tó ti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù wá tó lè sọ ìyẹn fún mi. Ìwé ètò ìsìnkú ló ń sọ ọ́. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ló ń sọ ọ́, àti ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọ tẹ̀ nígbà tí wọ́n pé àádọ́ta ọdún, àti ìwé ọdọọdún ilé-ìwé gíga tí ọmọ kan kọ àròkọ sí nípa iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ìwé ìsìnkú ìyá kan ní Àgúnpopo yanjú ọ̀rọ̀ ìyá mìíràn tí kò bá a tan rárá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n sì kọ ọdún. Ẹni tó tẹ ìwé náà ti kú, wọ́n ti ta ẹ̀rọ rẹ̀. Bí kò bá sí pé ẹ̀dà kan wà nínú páálí wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ìbá kú sí.

Ìlú wa yìí, nínú gbogbo ìlú, ló yẹ kó mọ ohun tí mo ń wí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní 1846. Ó wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àgọ́ àwọn ọmọ ogun Kírìjì kí àlàáfíà tó dé ní 1886, lẹ́yìn náà ló wá di àlùfáà ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́. Ó ju ogún ọdún lọ tó fi ń kó ìtàn Yorùbá jọ. Ó jókòó ti àwọn Arọ́kin, àwọn apìtàn ààfin, ní Ọ̀yọ́ níbí, ó gbọ́ lẹ́nu Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tó fojú rí ogun. Ọ̀yọ́ ló wà nígbà tó parí rẹ̀ ní 1897.

Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà, débẹ̀ ní 1900, ó sì lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ìwé náà ti sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn kò rí i, àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ibẹ̀ ni inú ń bí mi. Owó kí ni wọ́n fẹ́ san? Ta ni yóò pe àwọn àgbà tó ti sùn padà wá kí wọ́n tún un sọ? Ní 1901 Samuel Johnson kú. Kò fojú rí ìwé rẹ̀.

Ohun tó yọ wá ni pé àwọn bébà tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ṣẹ́ kù. Inú wọn ni àbúrò rẹ̀ ti tún gbogbo rẹ̀ kọ, ọdún pípẹ́ ló sì gbà á. Nígbà tó fi í ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé ń lọ. Ọkọ̀ ogun Jámánì gba ọkọ̀ Appam tó gbé e lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà tún la ìyẹn já. Ní 1921 ló tó jáde, Dókítà Johnson sì ti kú lọ́dún tó ṣáájú.

Mi ò dá ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ láyé wọn, ìwé náà sì nípọn bí Bíbélì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà kan bá ti kù sí Ọ̀yọ́ ní 1899, nínú àpótí àlùfáà kan tàbí nínú ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's, tó ti wà níbí láti 1896, ọ̀rọ̀ kò bá má rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí fótókọ́pì wà ní gbogbo ìkóríta láti Ọwọ́dé dé Ṣábọ̀, kí ni àwáwí tiwa?

Ẹ má sì rò pé nǹkan àtijọ́ nìyẹn. M. C. Adéyẹmí kọ ìwé ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ Ìsisìyí, ní Yorùbá, ó jáde ní 1914, ọdún méje kí ti Johnson tó jáde. Ọmọ ilé-ìwé kan wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ní kó lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìtàn Ọ̀yọ́ ló fẹ́ kà, owó ọkọ̀ ni mo ní kó lọ wá. Ara mi kò gbà á títí di òní.

Òfin wà tó ní kí wọ́n máa tọ́jú ohun tí a bá tẹ̀, ó sì dára. Ní 1950 ni òfin kọ́kọ́ ní kí atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ sí láíbìrì yunifásítì ní Ìbàdàn. National Library, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá báyìí, ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 1964, òfin 1970 sì ní kí atẹ̀wé máa fún un ní ẹ̀dà mẹ́ta, ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́wàá, ìjọba àpapọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ láíbìrì ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. Ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá ọjà, tó ń tẹ káàdì ìkómọjáde láàárọ̀ àti ìwé ìsìnkú lálẹ́, òun náà kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí òfin ń bá wí. Ta ni yóò gbé ìwé ìsìnkú láti Àpáàrà lọ sí Àbújá?

Àwọn kan ti sọ fún mi pé, "Ìyá, Arọ́kin wà láàfin." Ó wà lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ohun tó kan àwọn Aláàfin ni wọ́n tọ́jú, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kí ìwé tó dé. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fín igbá lójú ọ̀nà ààfin, ìyá tó kó ọmọ mẹ́jọ yanjú nídìí ẹ̀kọ tútù, wọn kò sí nínú ohun tí Arọ́kin ń kì. Inú ìwé ètò olójú ewé mẹ́jọ ni wọ́n wà, pẹ̀lú fọ́tò tí ìwo gèlè rẹ̀ kò hàn tán. UNESCO pàápàá, nínú ìkéde tí wọ́n ṣe nípa láíbìrì ìlú ní 1994, ka àtìlẹ́yìn fún ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ ti láíbìrì. Ìbàdàn níbí ni UNESCO yìí kan náà ti pe àpérò lórí láíbìrì ìlú ní Áfíríkà ní 1953, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí wa. Nígbà tí a bá gba ohùn bàbá kan sílẹ̀ tó ń ka oríkì ilé wọn, iṣẹ́ láíbìrì là ń ṣe.

Láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ ní Ọ̀yọ́ lónìí, Yunifásítì Ajayi Crowther ní tirẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran àti adití, tó wà láti 1977, ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ìyá tó ń wá ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè débẹ̀ jókòó. Láíbìrì ìlú ni tirẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tọrọ ìwé méjì. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ìbéèrè báyìí ti fún mi ní pẹpẹ kan lódindi, a ti kọ "Ọ̀yọ́" sí i. Ohun tó bá wọlé, a ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: ọjọ́ tó dé, ẹni tó mú un wá, agbo ilé. A máa ń yà á sórí fóònù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fóònù ń bàjẹ́, wọ́n sì ń jí i. Bébà la gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tí à ń fẹ́ nìwọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́: ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìwúyè, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti ti ìjọ, ìwé ọdọọdún ilé-ìwé, ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí wọn kò lò mọ́, fọ́tò tí ẹ mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò mọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé kí ẹ tó mú un wá, kí ẹ má ṣe dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó mú un wá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ẹ yọ píìnì àti wáyà inú rẹ̀, ìpẹtà wọn ni í jẹ bébà láàárín. Ẹ má fi sẹ́lótéépù lẹ ibi tó ya. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń di pupa, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹrà. Ẹ má ṣe mú un lọ fi rọ́bà bò, torí kò ṣeé bọ́ mọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ kọ ọ́ ní fẹ́ẹ́rẹ́, ní etí. Ẹ má gbé páálí kalẹ̀ nílẹ̀, ikán kò ní í béèrè. Lásìkò òjò, ẹ ṣí i kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kó má bu, ṣùgbọ́n ẹ má sá a sóòrùn. Ìwé ìròyìn ni kó kọ́kọ́ kàn yín lára, torí igi lásán ni wọ́n fi ṣe bébà rẹ̀, yóò di pupa, yóò sì máa rún kí ti ìwé tó kù tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè fi tirẹ̀ sílẹ̀, kó mú un wá kí a ṣe fótókọ́pì rẹ̀, kó sì máa gbé tirẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Èmi ni yóò san owó fótókọ́pì náà. Ẹ̀yin tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín tó wà nílé lónìí, kí ẹ bi í pé níbo ni wọ́n kó ìwé ìsìnkú bàbá àgbà sí. Èyí tó jẹ́ ti 1970 sí 1985 ni mo ń wá jù. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ yẹn, ibẹ̀ ni àlàfo rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn tó sì mọ àwọn tó wà nínú fọ́tò ìgbà náà ṣì wà láàyè.